Ìlọ́po Méjì Táǹkì Omi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ọjọ́ kan tí ń kọjá lọ tí a kì í rí ohun kékeré tí a sọ di ńlá, tàbí ohun ńlá tí a sọ di kékeré. Ayafọ́tò mú àwòrán tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sọ ọ́ di ńlá, a sì gbé e kọ́ sára ògiri. Ayàwòrán ilé fi odidi ilé alájà méjì sórí bébà kan tí a lè ká sínú àpò. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a sọ ohun kan di ìlọ́po méjì, wéré ni a ó dáhùn pé ó ti di méjì irú èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni, ìdajì òtítọ́ a sì máa wó ilé. Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀ rí. N ó kọ́kọ́ sọ bí ó ti rí fún yín, kí a tó wọ inú ẹ̀kọ́ náà lọ.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́ ìṣirò, ilé-ìwé tí a gbé mi lọ ní táǹkì omi kan tí a gbé ka orí òpó igi mẹ́rin lẹ́yìn ilé ìdáná. Táǹkì náà jẹ́ mítà 1 ní gígùn, mítà 1 ní ìbú, mítà 1 ní gíga. Òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ igi onígun mẹ́rin tí ìbú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti pọ̀ sí i, omi náà kò sì tó wọn mọ́. Ọ̀gá wa wá pàṣẹ pé kí a ṣe táǹkì mìíràn tí yóò gba ìlọ́po méjì omi ti ìṣáájú. A ránṣẹ́ pe àgbà káfíńtà kan ní ìlú náà. Nígbà tí ó dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n darí rẹ̀ sí.

"Tísà," ni bàbá náà wí, "ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé. Ìwọ̀n wo ni kí n lò?"

Ìwàǹwára ọ̀dọ́ kò jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Bàbá, kò le rárá. Ìwọ̀n gbogbo tí ẹ bá rí lára ti àtijọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: táǹkì, òpó, igi ìdábùú, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí omi ti di ìlọ́po méjì ni òpó náà yóò di ìlọ́po méjì, wọn ó sì gbé ara wọn."

Bàbá fi ọwọ́ pa òpó àtijọ́ lára, ó wòkè, ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Tísà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé òpó yìí yóò tínrín jù. Omi a máa wúwo o." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi dá a lójú pé ìṣirò kì í purọ́.

Ó ṣe é bí mo ti wí. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ pọnmi sí táǹkì tuntun náà, a tan ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga ní òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ sì dé kí ó tó kún. Ẹnu yà wá, ṣùgbọ́n inú wa dùn. A rò pé ẹ̀rọ ni kò lágbára. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn igi ìdábùú ké gbàà, òpó méjì yẹ̀, táǹkì náà sì ya lulẹ̀ tòun ti omi rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé korobá rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ó bá dúró fún ìṣẹ́jú kan sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Bàbá káfíńtà dé, ó wo igi tí ó dá náà. Kò bú mi. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Tísà, ìṣirò kì í purọ́ lóòótọ́. Ẹ lọ tún un ṣe."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sí iyàrá mi, mo tan àbẹ́là, mo sì ń ro ibi tí mo ti ṣì í. Bí mo ti gbé ọwọ́ sókè, mo rí i pé òjìji ọwọ́ mi lára ògiri tóbi ju ọwọ́ mi lọ fíìfíì, síbẹ̀ ọwọ́ ni. Ìka márùn-ún wà níbẹ̀ bí ó ti yẹ. Mo gé páálí kan tí ó dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Mo gbé e dúró ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí iná náà, mo sì jẹ́ kí ó dojú kọ ògiri gan-an. Ògiri fúnra rẹ̀ jìnnà sí iná náà ní sẹ̀ǹtímítà 90. Nígbà tí mo wọn òjìji páálí náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30.

Kí ni ó fà á? Ìmọ́lẹ̀ kì í yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tààrà ni ó ń rìn. Ìtànṣán tí ó kan igun páálí ní sẹ̀ǹtímítà 30 ni yóò fi àmì igun náà hàn lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 90. Nítorí pé ìlọ́po mẹ́ta 30 ni 90, gbogbo ìwọ̀n òjìji náà di ìlọ́po mẹ́ta. Iye tí a fi ń sọ ìwọ̀n gbogbo di púpọ̀ báyìí, èyí tí í ṣe 3 níhìn-ín, ni a ó máa pè ní iye ìlọ́po. Ibi tí àwọn ìtànṣán náà ti ń jáde wá ni a ó máa pè ní orísun. Iṣẹ́ tí iná náà ṣe ni a ó sì máa pè ní ìmúgbòòrò.

A lè ṣe irú rẹ̀ lórí bébà láìsí àbẹ́là rárá. Fi àmì kan sórí bébà, kí o sì pè é ní O. Èyí ni orísun. Ya onígun mẹ́ta kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o pe àwọn igun rẹ̀ ní A, B àti D. Fa ìlà tààrà láti O kọjá lára A, kí o sì máa fà á lọ títí yóò fi gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n láti O dé A. Pe ibi tí ó parí sí ní E. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún B, kí o rí F. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún D, kí o rí G. So E, F àti G pọ̀. Onígun mẹ́ta tuntun náà yóò jọ ti àkọ́kọ́ bí òjìji ọwọ́ ti jọ ọwọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn igun rẹ̀ kò ní fẹ̀ sí i, wọn kò sì ní kéré sí i. Bí o bá gbé orísun lọ sí ibòmíràn, ibi tí àwòrán tuntun yóò wà ni yóò yí padà. Ìtóbi rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀ kò ní yí padà.

Bí iye ìlọ́po bá ju 1 lọ, ohun náà yóò tóbi sí i. Bí ó bá jẹ́ 1, yóò wà bí ó ti wà. Bí ó bá kéré sí 1, bí ìdajì tàbí ìdámẹ́ta, ohun náà yóò súnkì, síbẹ̀ ìrísí rẹ̀ kò ní bàjẹ́.

Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Ìlọ́po kì í ṣe àfikún. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 ní ìbú àti 4 ní gíga, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 6 ní ìbú àti 8 ní gíga. Ẹni tí ó bá fi 3 kún ìwọ̀n méjèèjì yóò rí 6 àti 7, ojú ẹni tí ó wà nínú fọ́tò náà yóò sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀rẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí oyin ta.

Títí dé ibi tí a dé yìí, gígùn nìkan ni a ti ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó ní ojú, ọ̀pọ̀ ohun ni ó sì ní inú. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo wí yìí, mo mú páálí kékeré náà, mo sì fi ń wọn òjìji rẹ̀ lára ògiri láti mọ iye irú rẹ̀ tí yóò bo òjìji náà. Mẹ́ta gba ẹsẹ̀ kìíní, mẹ́ta gba ẹsẹ̀ kejì, mẹ́ta gba ẹsẹ̀ kẹta. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀! Gígùn ti di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú ti di ìlọ́po mẹ́sàn-án, nítorí pé ìbú náà ti di ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀, 3 lọ́nà 3 sì jẹ́ 9.

Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo ṣí agolo ṣúgà oníhóró tí mo fi ń mu tíì. Mo fẹ́ fi hóró ṣúgà kọ́ àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ti hóró kan. Mẹ́rin gba ìsàlẹ̀, mẹ́rin gba òkè. Hóró mẹ́jọ ni! Ìgbà yìí ni mo gbé ọwọ́ lé orí.

Ẹ jẹ́ kí a to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Bí iye ìlọ́po bá jẹ́ 2, gígùn yóò di ìlọ́po 2. Ojú yóò di ìlọ́po 4, èyí tí í ṣe 2 lọ́nà 2. Inú yóò di ìlọ́po 8, èyí tí í ṣe 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2. Bí ó bá jẹ́ 3, wọn yóò di 3, 9 àti 27. Bí ó bá jẹ́ 10, wọn yóò di 10, 100 àti 1,000. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jáde nílé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba lójú ọ̀nà: gígùn ń rìn, ojú ń sáré, inú ń fò.

Ẹ padà wá wo táǹkì wa. Táǹkì àtijọ́ gba lítà 1,000, ìwúwo omi náà sì jẹ́ kílógíráàmù 1,000. Ojú òpó kọ̀ọ̀kan, bí a bá rẹ́ ẹ lábùú, jẹ́ 10 lọ́nà 10, èyí ni pé hóró ojú 100 ni ó ní, tí hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níhà méjèèjì. Òpó mẹ́rin ní hóró 400, hóró kọ̀ọ̀kan sì ń ru kílógíráàmù 2.5. Táǹkì tuntun jẹ́ mítà 2 níhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà lítà 8,000 ni ó gbà. Abájọ tí ẹ̀rọ fi fa omi láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́! Òpó kọ̀ọ̀kan di sẹ̀ǹtímítà 20 níhà méjèèjì, hóró ojú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 1,600. Ẹ pín 8,000 sí 1,600: hóró kọ̀ọ̀kan ń ru kílógíráàmù 5. Ẹrù ti di ìlọ́po mẹ́jọ, ohun tí yóò gbé e kò ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ìyà náà di ìlọ́po méjì lára hóró igi kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún àwọn igi ìdábùú tí omi ń tẹ̀ láti òkè. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara wọn sílẹ̀. Ọwọ́ bàbá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí kálámù mi tó mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí òtítọ́ yìí. Galileo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí a bí ní ìlú Pisa ní ọdún 1564, kọ ìwé kan tí a tẹ̀ ní ìlú Leiden ní ọdún 1638. Nínú ìwé náà ni ó ti ya àwòrán egungun kan tí a mú kí gígùn rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Ó fi hàn pé bí egungun bẹ́ẹ̀ yóò bá lè gbé ẹranko ńlá bí ti kékeré ti ń gbé ẹranko kékeré, nínípọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ dáadáa. Ẹ wo ẹtu àti erin nínú igbó. Ẹsẹ̀ ẹtu rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Ẹsẹ̀ erin rí kìǹbà bí odó. Bí a bá sọ ẹtu di ìlọ́po mẹ́wàá láìyí ìrísí rẹ̀ padà, ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po 1,000, ojú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po 100 péré. Egungun náà yóò máa ru ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ó ń rù tẹ́lẹ̀, kò sì dájú pé ẹtu náà yóò lè dìde. Èyí náà ni ó fà á tí èèrà, nítorí kíkéré rẹ̀, fi lè gbé ẹrù tí ó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú náà kò fi ọjà sílẹ̀. Ká ní ẹbí kan ní ilẹ̀ méjì láti tà. Ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn. Èkejì jẹ́ 100 ní ìbú àti 200 ní gígùn. Oníbàárà ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ yóò wí pé, "Ìlọ́po méjì ni èkejì, ìlọ́po méjì owó ni n ó san." Bí ẹbí náà kò bá ní ọmọ tí ó mọ ẹ̀kọ́ yìí, wọn ó gbà, wọn ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ kìíní jẹ́ hóró 5,000, ti èkejì sì jẹ́ 20,000. Ilẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n tà ní owó ilẹ̀ méjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwòrán ilẹ̀ tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìlú àti odò. Bí a bá kọ 1:50,000 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé a ti mú kí ilẹ̀ súnkì, tí ó fi jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà dúró fún sẹ̀ǹtímítà 50,000 lórí ilẹ̀, èyí tí í ṣe mítà 500. Ẹni tí ó bá rí oko kan tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níhà méjèèjì lórí bébà náà kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó. Mítà 500 lọ́nà 500 ni, èyí tí í ṣe hẹ́kítà 25.

Báwo ni a ti ṣe táǹkì náà níkẹyìn? Ìlọ́po méjì omi ni ọ̀gá wa béèrè, kì í ṣe ìlọ́po méjì gígùn. Mo ní láti wá iye kan tí yóò di 2 bí a bá fi í lọ́nà ara rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Mo wá a títí, mo sì rí i: 1.26 lọ́nà 1.26 lọ́nà 1.26 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2 géérégé. Sẹ̀ǹtímítà 26 péré ni a ní láti fi kún ìhà kọ̀ọ̀kan táǹkì àtijọ́! Ti àwọn òpó ńkọ́? Bí ẹrù bá di kílógíráàmù 2,000, tí a kò sì fẹ́ kí hóró igi kan ru ju 2.5 lọ, hóró ojú 800 ni a nílò, èyí ni 200 fún òpó kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 12.6 kò lè tó. Ó gbọ́dọ̀ ju 14 lọ díẹ̀. Nígbà tí mo mú ìwọ̀n yìí tọ bàbá káfíńtà lọ, ó fi ọwọ́ wọn ìtì igi kan tí ó ti yà sọ́tọ̀. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 15 ni.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ọwọ́ mi mọ̀ pé yóò wó, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Fi kọ́ àwọn ọmọ."

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé ohun kan ti di ìlọ́po méjì, ẹ má ṣe gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ẹ bi í pé: gígùn ni, ojú ni, tàbí inú? Ẹni tí ó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ kí ó tó gé igi, kí ó tó ta ilẹ̀, kí ó tó kọ́ ilé, kò ní fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wéwu.

Ìbéèrè

1. Kí ni olùkọ́ náà sọ fún bàbá káfíńtà tí kò tọ̀nà? Ṣe àlàyé ibi tí ó ti ṣì í.

2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlọ́po àti àfikún? Fi àpẹẹrẹ tìrẹ gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀.

3. Ìkòkò méjì jọ ara wọn ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n gíga ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Bí kékeré bá gba lítà 2, lítà mélòó ni ńlá yóò gbà?

4. Ọ̀pá kan tí ó ga ní mítà 2 ní òjìji tí ó gùn ní mítà 3. Ní wákàtí kan náà, òjìji ọ̀pẹ kan gùn ní mítà 18. Báwo ni ọ̀pẹ náà ti ga tó?

5. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: ìwàǹwára, ìdábùú, súnkì, ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́.

6. Kọ àròkọ kan lórí ọjọ́ tí ẹni tí kò kàwé kọ́ ọ ní ọgbọ́n.